Ọjọ́ Mẹ́jọ, Òru Méje

Rájí Badrudeen kì í ṣe olùkọ́ físíìsì, òun fúnra rẹ̀ ló sì máa ń kọ́kọ́ sọ bẹ́ẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó bi í. Iṣẹ́ tí wọ́n gbà á sí láti ọdún mọ́kàndínlógún sẹ́yìn, ní ilé-ẹ̀kọ́ girama kan létí ìlú Ìwó, ni kí ó máa tọ́jú yàrá sáyẹ́ǹsì: kí ó fọ ìgò, kí ó nu eruku ara òṣùwọ̀n, kí ó ka dígí inú àpótí láàárọ̀, kí ó tún un kà nírọ̀lẹ́, kí ó sì tilẹ̀kùn. Kọ́kọ́rọ́ yàrá náà kì í kúrò lára bẹ́líìtì rẹ̀, kódà lọ́jọ́ ọdún Iléyá. Zakiyyah ìyàwó rẹ̀ a máa fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé bí màláíkà ikú bá dé bá ọkọ òun, yóò ní kí ó kọ́kọ́ buwọ́ lùwé ná.

Wàhálà bẹ̀rẹ̀ lọ́dún méjì sẹ́yìn, nígbà tí olùkọ́ físíìsì gangan kó ẹrù rẹ̀, ó di Kánádà. Ẹni tí yóò rọ́pò rẹ̀ kò dé. Ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́, Ìyáàfin Ọládùnní, kọ lẹ́tà títí, ó dúró títí, nígbà tó sú u, ó pe Rájí sí ọ́fíìsì rẹ̀.

"Ọ̀gbẹ́ni Rájí, gbogbo ohun tí wọ́n ń kọ́ àwọn ọmọ nínú yàrá yẹn ló ń ṣojú yín. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa dì í mú títí Ọlọ́run á fi rán ẹnìkan sí wa."

"Mo ti gbọ́, mà," ni Rájí wí. Kí ni ẹni tó ti ń ka dígí fún ọdún mẹ́tàdínlógún ì bá tún wí? Ó dì í mú.

Kí n má purọ́ mọ́ ọn, ó dì í mú ju bí àwọn mìíràn tó ní ìwé-ẹ̀rí ṣe ń dì í mú lọ. Bó bá ti kírun Àsùbáà tán, ìwé ló kàn. Kì í jókòó sí kíláàsì kó máa pe ọ̀rọ̀ fún àwọn ọmọ kọ. Ìta ló ń kó wọn lọ. Bó bá fẹ́ kọ́ wọn ní ìpíndọ́gba eré, á ní kí ọmọ kan rìn láti ara ògiri mọ́ṣáláṣí ilé-ẹ̀kọ́ dé ìdí òpó bọ́ọ̀lù, kí òmíràn mú aago dání. Wọn á wọn ilẹ̀, wọn á fi àkókò pín in, wọn á sì mọ eré tí ọmọ náà ì bá sá ká ní kò yára níbì kan, kò falẹ̀ níbì kan. Bó bá fẹ́ kọ́ wọn ní àlékún eré, ìyẹn bí eré nǹkan ṣe ń pọ̀ sí i, á yí agolo mílíìkì láti orí òkè wálẹ̀, gbogbo wọn á sì gbá tọ̀ ọ́. Àwọn ọmọ tó ti máa ń sùn ní kíláàsì bẹ̀rẹ̀ sí í jiyàn lójú ọ̀nà ilé. Inú Rájí dùn débi pé ìdùnnú náà ń bà á lẹ́rù.

Mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ni wọ́n ní kíláàsì àṣekágbá. Èyí tó fi ọkàn sí jù nínú wọn ni Humairah, ọmọ oníkéwú kan ní àdúgbò àtijọ́ ìlú, ọmọbìnrin jẹ́jẹ́ tí kì í sọ̀rọ̀ bí wọn kò bá bi í, tó sì fẹ́ di nọ́ọ̀sì. Kò sí yunifásítì tí yóò gbà á fún iṣẹ́ nọ́ọ̀sì bí kò bá ní kírẹ́díìtì nínú físíìsì. Bàbá rẹ̀ ti dá Rájí dúró lẹ́yìn ìrun Jímọ́ kan, lójú ọ̀pọ̀ ènìyàn, ó ní, "Tísà, ọwọ́ yín la fi ọmọ yìí sí o." Láti ọjọ́ náà ni Rájí ti ń gbé ọ̀rọ̀ yẹn kiri bí ẹni gbé ẹyin.

Nínú gbogbo ẹ̀kọ́ náà, èyí tí òun fúnra rẹ̀ fẹ́ràn jù ni ti tépù. Ẹ̀rọ kékeré kan ni, tó ti dípẹtà nínú kọ́bọ́ọ̀dù kí Rájí tó jókòó tì í tó sì tún un ṣe. Wọn á so pépà tẹ́ẹ́rẹ́, èyí tí wọ́n ń pè ní tépù, mọ́ ìdí kẹ̀kẹ́ kan tí kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ, wọn á ti kẹ̀kẹ́ náà. Bí pépà bá ti ń kọjá, ẹ̀rọ á máa tẹ àmì tó-tó-tó sí i lára, mẹ́wàá ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan. Bí kẹ̀kẹ́ bá ń falẹ̀, àwọn àmì á súnmọ́ra. Bó bá ń sáré, wọn á jìnnà síra. "Ẹni tó bá lè ka àmì, ó lè ka eré," ni Rájí máa ń wí, á sì máa fi ìka tọ́ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan: ení, èjì, ẹ̀ta. Bí àmì bá jẹ́ mẹ́fà, àkókò rẹ̀ jẹ́ ìdá mẹ́fà nínú ìdá mẹ́wàá ìṣẹ́jú àáyá. Bó bá jẹ́ ọgbọ̀n sẹ̀ǹtímítà ló wà láti àmì àkọ́kọ́ dé ìkẹyìn, fi àkókò pín in. Ó di àádọ́ta sẹ̀ǹtímítà ní ìṣẹ́jú àáyá kan.

Lọ́jọ́ kan, ọmọkùnrin kan tó ń jẹ́ Abdulqowiyy nawọ́. Ó ní, "Sà, ọgọ́ta ló wà lẹ́yìn ìwé. Àádọ́ta ni tiwa."

Rájí tún un ṣe lójú pátákó. Ó tún ka àmì: mẹ́fà pérépéré. Ó tún un pín: àádọ́ta. Ó tún un ṣe lẹ́ẹ̀kẹta, ó sì kọjú sí wọn. "Àṣìtẹ̀ ni. Ẹ̀yin náà ẹ kà á, ṣé kò pé mẹ́fà ni? Ènìyàn ẹlẹ́ran ara ló ń tẹ̀wé. Ẹ fi bírò pa ọgọ́ta yẹn rẹ́, kí ẹ kọ àádọ́ta sí i." Àwọn ọmọ rẹ́rìn-ín, wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un pé tísà àwọn gbọ́n ju ìwé lọ. Wọ́n pa á rẹ́. Ìwé mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n.

Ní ọ̀sẹ̀ tí ìdánwò àṣekágbá ń lọ lọ́wọ́, bàbá Zakiyyah kú ní Ilé-Ogbó. Ọjọ́ Ajé ló kú, ọjọ́ náà gan-an ni wọ́n sin ín gẹ́gẹ́ bí ẹ̀sìn ti wí. Fìdáù ọjọ́ kẹjọ wá bọ́ sí ọjọ́ Ajé kejì, ọjọ́ kan náà pẹ̀lú ìdánwò físíìsì, tí wọn yóò bẹ̀rẹ̀ ní aago kan ọ̀sán. Rájí kò da ara rẹ̀ láàmú. Òfin ìdánwò ni pé olùkọ́ iṣẹ́ kò gbọdọ̀ yọjú sí gbọ̀ngàn lọ́jọ́ iṣẹ́ rẹ̀, àna tí kò bá sì yọjú síbi fìdáù àna rẹ̀, ó ti rí ohun tí wọn yóò máa fi bú u títí ayé. Ó ṣàdúrà fún àwọn ọmọ lọ́jọ́ Jímọ́, ó sì bá ìyàwó rẹ̀ lọ.

Nígbà tó fi máa di ọ̀sán, àdúrà ti parí, oúnjẹ sàráà sì ti ń lọ yípo lábẹ́ àtíbàbà. Matthew, ọkọ àbúrò Zakiyyah, jókòó sí tòsí Rájí. Ọmọ ìjọ Onítẹ̀bọmi ni ní Ìwó, ènìyàn dáadáa, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kì í tán nínú rẹ̀. Ó ti fi í sọ́kàn pé ọ̀la ni fìdáù, ìyàwó rẹ̀ ló fà á dé, ohun tó sì ń jẹ ẹ́ lọ́kàn nìyẹn. Ó kọjú sí alfa àgbà tó ṣáájú àdúrà.

"Ẹ má bínú o, bàbá. Mọ́ńdè la sin wọ́n, Mọ́ńdè lòní. Láti Mọ́ńdè sí Mọ́ńdè, ọjọ́ méje ni. Báwo lẹ ṣe ń pè é ní ọjọ́ kẹjọ?"

Alfa náà rẹ́rìn-ín. "Ọmọ mi, ọjọ́ tí a sin wọ́n, ṣé ìyẹn kì í ṣe ọjọ́ ni? Kà á sórí ìka rẹ kí n gbọ́."

Matthew kà á: Ajé, Ìṣẹ́gun, Ọjọ́rú, Àlàmísì, Jímọ́, Àbámẹ́ta, Àìkú, Ajé. "Mẹ́jọ ni, sà."

"Òru mélòó ló wà láàárín wọn?"

Matthew tún bẹ̀rẹ̀, ètè rẹ̀ ń mì. "Méje."

"Ó dáa. Òru ni ìwọ ń kà, ọjọ́ ni àwa ń kà. Kò sí ìjà ńbẹ̀. Ẹ bu ẹran sí i fún ọmọ mi."

Gbogbo àtíbàbà rẹ́rìn-ín. Ẹran wà lẹ́nu Rájí, kò gbé e mì. Ó tẹ́ ọwọ́ òsì rẹ̀ sórí itan, ó ya àwọn ìka rẹ̀. Ìka márùn-ún. Ó ka àlàfo àárín wọn: mẹ́rin. Ó tún un kà bí ẹni tí kò gba ojú ara rẹ̀ gbọ́, mẹ́rin náà ni.

Kò sí àkókò nínú àmì. Àmì kàn ń sọ pé kẹ̀kẹ́ dé ibí ni. Láti àmì kan dé èkejì ni kẹ̀kẹ́ ti rìn, inú àlàfo yẹn ni àkókò wà. Àmì mẹ́fà, àlàfo márùn-ún. Ọgbọ̀n sẹ̀ǹtímítà láàárín ìdajì ìṣẹ́jú àáyá: ọgọ́ta. Ọgọ́ta tí ìwé wí. Bí a ṣe ń ka ọjọ́ ọjà, bí a ṣe ń ka ọjọ́ ìsọmọlórúkọ, bí a ṣe ń pe ọjọ́ tó ṣáájú àná ní ìjẹta tí a sì ń ka òní mọ́ ọn kó lè pé mẹ́ta, bẹ́ẹ̀ ni Rájí ṣe ka tépù. Kò sí ẹni tó kọ́ ọ. Bí wọ́n ṣe kà nílé bàbá rẹ̀ ló ṣe kà. Ti àlékún eré ló tiẹ̀ burú jù, nítorí àṣìṣe náà á wọ inú eré àkọ́kọ́, á wọ inú eré kejì, á tún wọ inú àkókò tó wà láàárín wọn. Ọdọọdún ni ìbéèrè tépù sì máa ń jáde.

Ẹ̀rù bà á. Ẹ̀rù tó bà á yẹn, kò bà á bẹ́ẹ̀ rí láti ìgbà tí Zakiyyah ti rọbí ọjọ́ méjì lórí àkọ́bí wọn. Ó wo aago: méjìlá kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ní aago kan ku ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni wọ́n máa ń kó àwọn ọmọ wọ gbọ̀ngàn. Títí dìgbà náà, ìta ni wọ́n wà, ẹnikẹ́ni ló sì lè bá wọn sọ̀rọ̀.

Ó bọ́ sí ẹ̀yìn ilé, ó pe Adégòkè, olùkọ́ báyọ́lọ́jì.

"Bá mi sọ fún àwọn ọmọ físíìsì, jọ̀ọ́. Sọ fún wọn pé àlàfo ni kí wọ́n kà, kí wọ́n má ka àmì."

"Ẹ̀gbọ́n, kí lẹ̀ ń sọ yìí? Lónìí? Lórí fóònù?"

"Mo kọ́ wọn ní òdì ni."

"Ẹ̀gbọ́n, mo bẹ̀ yín, ẹ má sọ irú ọ̀rọ̀ yìí sí mi létí. Èèyàn méjì ni wọ́n dá dúró lẹ́nu iṣẹ́ lọ́dún tó kọjá torí ọ̀rọ̀ orí fóònù. Bí mo bá lọ bá àwọn ọmọ pé àlàfo ni kí wọ́n kà, tí àlàfo sì jáde ńkọ́? Wọ́n á ní ẹ ti rí ìbéèrè." Ó pa fóònù. Nígbà tí Rájí tún pè é, kò wọlé mọ́.

Zakiyyah rí ojú ọkọ rẹ̀ láti ibi tó ti ń pín omi. Ó ní, "Ta ló tún kú?" Rájí sọ ọ́ fún un ní gbólóhùn méjì. Kò yé e dáadáa, ṣùgbọ́n ó yé e tó. "Ẹ máa lọ," ni ó wí. "Màá ní inú ń run yín."

Àwọn ọ̀dọ́ tó ń gun ọ̀kadà ní Ilé-Ogbó ti wà lábẹ́ àtíbàbà, wọ́n ń jẹ sàráà. Ọ̀kan ṣoṣo tó kù ní ìdíkọ̀ ni Bàbá Ṣàngóbùnmi, arúgbó tí kì í jẹ oúnjẹ òde, tí alùpùpù rẹ̀ sì ti gbó tó òun fúnra rẹ̀. Rájí gun ẹ̀yìn rẹ̀ kí bàbá náà tó béèrè ibi tó ń lọ.

Ìṣirò ni Rájí fi tu ara rẹ̀ nínú. Ó fi ọ̀nà náà sí kìlómítà mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ìṣẹ́jú tó kù jẹ́ ọgbọ̀n. Kìlómítà kan ní ìṣẹ́jú méjì, ìyẹn ọgbọ̀n kìlómítà ní wákàtí kan. Kò pọ̀. Alùpùpù arọ gan-an lè sá ìyẹn. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ìdí ẹran yẹn, ó mí.

Ṣùgbọ́n ọ̀nà kò mọ ìṣirò. Bí Bàbá Ṣàngóbùnmi bá rí kòtò, á dúró wò ó ná, á ṣe bí ẹni ń kí i, kí ó tó gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kó sáré díẹ̀."

"Tísà, èmi kò sáré dé ọdún méjìléláàádọ́rin o."

Lẹ́yìn ogún ìṣẹ́jú, kìlómítà mẹ́jọ péré ni wọ́n ti rìn. Ó ku méje, ó ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Rájí ṣe é lọ́kàn láìfẹ́: méjìlélógójì kìlómítà ní wákàtí kan. Ohun tó ti sọ fún àwọn ọmọ náà ni pé ìpíndọ́gba kò ní àánú. Ìfalẹ̀ tí o bá falẹ̀ ní ìdajì àkọ́kọ́, orí ìdajì kejì ni yóò já sí. Ó ti sọ ọ́ tẹ̀rín-tẹ̀rín nígbà náà. Nísinsìnyí, ó di aṣọ bàbá náà mú lẹ́yìn, ó ń bẹ̀ ẹ́ kíkankíkan, bàbá náà sì gbìyànjú, kí a sọ òtítọ́. Ó fún un níná. Alùpùpù fò síwájú, ó ké, ṣéènì já bọ́.

Ìṣẹ́jú mẹ́fà ni wọ́n fi wà lórí ìkúnlẹ̀ nínú eruku, lẹ́yìn ìlú Olúpọ̀nnà, òróró dúdú ń ta sí funfun tí Rájí wọ̀ lọ síbi fìdáù. Nígbà tí ṣéènì wọlé, ó ku ìṣẹ́jú mẹ́rin, kìlómítà méje. Ó lé ní ọgọ́rùn-ún kìlómítà ní wákàtí kan. Kò sí alùpùpù Bàbá Ṣàngóbùnmi kan láyé yìí tí yóò sá ìyẹn. Omi ti tán lẹ́yìn ẹja. Síbẹ̀ Rájí tún gùn ún, nítorí ẹni tí nǹkan ń dun kì í lè dúró sójú kan.

Aago kan ku ìṣẹ́jú méje ni wọ́n dé. Àwọn ọmọ ti wọlé. Alábòójútó ìdánwò tí wọ́n rán wá láti ìta, obìnrin kékeré kan tí kò tíì pé ọgbọ̀n ọdún, tó ń jẹ́ Joy, dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn gbọ̀ngàn pẹ̀lú ìwé ìbéèrè tí wọ́n lẹ̀ pa lọ́wọ́. Ìyáàfin Ọládùnní wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Nígbà tó rí Rájí, pẹ̀lú òróró àti eruku lára, ó fọwọ́ lérí.

"Mà, gbólóhùn kan ṣoṣo ni," ni Rájí wí fún Joy. "Ẹ jẹ́ kí n wí i níwájú yín. Mo kọ́ wọn ní nǹkan kan ní òdì, mo fẹ́ tún un ṣe ni."

"Iṣẹ́ wo lẹ̀ ń kọ́ wọn, sà?"

"Físíìsì."

Ojú Joy yí padà. "Sà, kò yẹ kí ẹ wà níbí rárá."

Rájí dọ̀bálẹ̀. Ọkùnrin tó ti ń sún mọ́ àádọ́ta ọdún na gbalaja sílẹ̀ níwájú ọmọdé tó lè bí. Joy kígbe jẹ́jẹ́, òun náà kúnlẹ̀ wẹ́rẹ́, nítorí ọmọ tí wọ́n kọ́ nílé kò lè dúró lórí ìró kí àgbà wà nílẹ̀ níwájú rẹ̀. Àwọn méjèèjì wá wà nílẹ̀, kò sí ẹni tó lè kọ́kọ́ dìde.

"Sà, ẹ má ṣe báyìí fún mi," ni Joy wí. "Bí ẹ bá sọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo sí wọn, mo gbọ́dọ̀ kọ ọ́ sílẹ̀. Bí mo bá kọ ọ́ sílẹ̀, wọ́n máa fagi lé ti gbogbo wọn. Gbogbo wọn, sà. Kì í ṣe físíìsì nìkan."

Adìyẹ bà lókùn, ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìyẹ. Bó bá dákẹ́, àṣìṣe rẹ̀ á jẹ lára máàkì wọn. Bó bá la ẹnu, á jẹ wọ́n tán. Ìyáàfin Ọládùnní ló fà á dìde lápá. "Ọ̀gbẹ́ni Rájí, ẹ máa lọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kúrò níbí."

Ó gba ẹ̀gbẹ́ gbọ̀ngàn lọ. Fèrèsé ṣí sílẹ̀. Humairah jókòó sí ìdí fèrèsé kẹta, àwọn pẹ́ńsùlù rẹ̀ tò síwájú rẹ̀ bí ẹni tẹ́ ẹní ìrun. Ó gbójú sókè, ó rí tísà rẹ̀, ojú rẹ̀ mọ́lẹ̀. Rájí rò ó pé, ìka nìkan ni. Kí n ya ìka mi nìkan, kí n fi ọwọ́ kejì tọ́ka sí àlàfo rẹ̀. Ọmọ náà gbọ́n, yóò yé e. Ọwọ́ rẹ̀ ti wà lókè kó tó mọ̀, ìka rẹ̀ ti yà. Ó rántí àwọn mẹ́tàlélọ́gbọ̀n yòókù. Ó fi ọwọ́ náà sílẹ̀ lókè bẹ́ẹ̀, kò tọ́ka sí nǹkan kan. Humairah rò pé àdúrà ló ń ṣe fún wọn. Ètè rẹ̀ wí pé àmín.

Rájí lọ jókòó sábẹ́ igi dóńgóyárò tó wà lẹ́bàá ẹnu ọ̀nà, ibi tó jìnnà jù tó ṣì lè rí gbọ̀ngàn. Kò jẹun, kò mu omi, ìrun ọ̀sán àti ti Àsárì nìkan ló dìde kí. Ó bẹ Ọlọ́run kí tépù má jáde. Lẹ́yìn náà ó bẹ̀ ẹ́ pé bó bá jáde, kí àwọn ọmọ sá fún un, kí wọ́n dáhùn òmíràn. Ìgbà tó yá, ó bẹ̀ ẹ́ pé kí wọ́n ti gbàgbé gbogbo ohun tí òun kọ́ wọn. Olùkọ́ wo lẹ gbọ́ rí tó ń gba irú àdúrà yẹn? Ó sunkún díẹ̀ pẹ̀lú. Kò sí ẹni tó rí i, kò sì bìkítà bí wọ́n bá rí i.

Nígbà tí ilẹ̀kùn ṣí, ariwo ayọ̀ ló kọ́kọ́ jáde. Àwọn ọmọ rí i lábẹ́ igi, wọ́n sì ya bò ó. Abdulqowiyy ló kọ́kọ́ dé, ó dọ̀bálẹ̀ láìwo eruku.

"Sà, ó jáde! Tépù jáde. Àmì mọ́kànlá, sẹ̀ǹtímítà mẹ́rìndínláàádọ́rin."

"Ọgọ́ta ni mo rí," ni ọ̀kan wí lẹ́yìn.

"Èmi náà, ọgọ́ta."

"Gbogbo wa la rí ọgọ́ta, sà. Ó pín gérégé, kò ṣẹ́kù. A ti bi ara wa léèrè, ìdáhùn wa dọ́gba." Wọ́n ń bọ ara wọn lọ́wọ́. Ọmọ tí kò rí kírẹ́díìtì gbà rí nínú iṣẹ́ kankan ń sọ pé òun ti gba ti físíìsì.

Humairah ni ó dé kẹ́yìn. Ó gba àárín wọn kọjá, ó kúnlẹ̀ níwájú Rájí, orúnkún méjèèjì.

"Ẹ ṣeun, sà. Ọlọ́run á san yín lẹ́san. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ já yín kulẹ̀ lónìí." Ó rẹ́rìn-ín bí ẹni tí ojú ń tì. "Nígbà tí mo dé ìdí tépù yẹn, ó kàn sọ sí mi lọ́kàn pé àlàfo ló yẹ kí n kà. Mo kà á, ó jẹ́ mẹ́wàá. Ó fún mi ní mẹ́rìndínláàádọ́rin, mo tiẹ̀ ti fàlà sí i nídìí. Ni mo bá rántí yín lójú fèrèsé, bí ẹ ṣe gbọ́wọ́ sókè tí ẹ ń ṣàdúrà fún wa. Mo ní, ta ni mo jẹ́ tí n ó fi mọ̀ ọ́n ju tísà mi lọ? Mo fagi lé e, mo kọ ọgọ́ta."

Rájí wò ó. Bó bá dákẹ́, kò sí ẹni tí yóò mọ̀ títí èsì yóò fi jáde. Tí èsì bá sì jáde, wọn yóò ní ìdánwò le ni, wọn yóò ní orí ni, wọn yóò tún wá kí i pé ó gbìyànjú. Gbogbo wọn ń rẹ́rìn-ín sí i.

"Humairah," ni ó wí, "èyí tí o fagi lé yẹn ló tọ̀nà. Èmi ni mo kọ́ yín ní òdì."

Ariwo náà kú láti iwájú lọ sẹ́yìn, bí àwọn tó wà lẹ́yìn ṣe ń bi àwọn tó wà níwájú pé kí ni tísà wí. Humairah kò sunkún. Ó ṣì wà lórí ìkúnlẹ̀ níwájú rẹ̀, ó dojú kọ ilẹ̀, nítorí ọmọ tí a kọ́ kì í dìde títí àgbà yóò fi ní kí ó dìde, Rájí kò sì rí ẹnu sọ ọ́.